Ẹfinrin Tí Màmá Gé Nígbà Ọyẹ́

Ìgbà tí mo ṣì kéré débi pé wọn kì í jẹ́ kí n sún mọ́ ẹnu kànga, ebè ẹfinrin kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Sábóńgàrí, ní Zaria níbí. Màmá mi ló gbé irúgbìn rẹ̀ wá láti Kàbà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwa ọmọ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ ohun tí mò ń sọ! Àwọn Háúsá àdúgbò ń pè é ní dódóyà, wọ́n sì máa ń wá tọrọ. Ọwọ́ ni Màmá fi ń já a láàárọ̀, kí oòrùn tó mú.

Lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lóyún àkọ́bí, ọyẹ́ dé, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ètè wa bẹ́, omi kànga fà, ẹfinrin yọ òdòdó, ewé rẹ̀ sì di tíntìntín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nílé wa, abiyamọ tuntun gbọ́dọ̀ mu ọbẹ̀ ẹfinrin gbígbóná, kí inú rẹ̀ lè mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tí Màmá ṣe. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, ó ku kùkùté. Mo figbe ta. Ìyá Ìlọrin tó ń gbé yàrá kejì sí wa ká ọwọ́ lérí: “Haba! Ìyá, ẹ ti pa á! Kí lọmọ yín máa wá mu bó bá bímọ tán?” Màmá da ìgbẹ́ àgbò gbígbẹ sídìí rẹ̀, ó sì ní kí olúkúlùkù máa bu díẹ̀ nínú omi ìwẹ̀ rẹ̀ fún un. Nínú ọ̀wọ́n omi yẹn! Mò ń bu tèmi, mò ń kùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo débẹ̀, mo rí i tí ọ̀mùnú ń yọ lára igi tí mo pè ní òkú. Yéè! Igi ńláńlá ń wọ́wé nítorí ọyẹ́, eléyìí ń rúwé! Mo lóṣòó tì í, mo ń fi ìka kàn án. Kó tó fẹ̀ tán ni ìrọbí mú ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa gbé ìyá àtọmọ dé láti ilé ìwòsàn, ewé náà ti fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ìyá Ìlọrin fúnra rẹ̀ bá wa já a, ó ń pe “Sùbúhánalláhì” lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ̀gbọ́n mi mu ọbẹ̀ náà, ó lá a, ó ní kí wọ́n tún bù sí i. Màmá wò ó títí, ló bá bú sẹ́kún. Àṣé ẹ̀rù ti ń ba òun náà látọjọ́ tó ti mú ọ̀bẹ.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Hanwa ń gbọn ewé gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní orígánò látinú ìgò sórí oúnjẹ. Ó ń ta sánsán, mi ò bá wọn jà. Bó bá tán, wọ́n á ra òmíràn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò tíì rí ẹni tó sunkún ayọ̀ nítorí ewé mọ́.