Àpárá Tí Mo Dá Lójú Àna

Ilé kan ní Ìdímù ni mo ti ń gbé láti ọjọ́ tí mo ti ṣe ìyàwó. Bàbá kan wà tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa. Fáànù ni wọ́n ń tún ṣe, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n sì ń lọ. Wọ́n tó bàbá mi. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn nìkan ló tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá ti wọ sùtánà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ẹni tó bá wọ aṣọ náà kì í wọ bàtà.

Ibẹ̀ ni èmi àti Bàbá ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi á ní, "Bàbá, ṣé kò tíì sí bàtà tó gba ẹsẹ̀ yín lọ́jà Ìkọ̀tún ni?" Wọ́n á dúró, wọ́n á wo gìgísẹ̀ bàtà mi. "Ìyàwó, ìwọ tó ń fi bàtà kó-kó-kó jí àwọn tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, o kú iṣẹ́ jàre." Ọdún bíi mẹ́jọ la fi ṣe é, inú kò bí ẹnikẹ́ni rí.

Àpárá nìyẹn, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa ń kà mọ́ ọn. Aláwàdà lè dúró níwájú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí kò mọ̀ rí, kó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ló ń dá àpárá: bí mo bá sọ, ìwọ náà gbọ́dọ̀ lè sọ padà. Bí o kò bá lè sọ padà, yẹ̀yẹ́ ni mo fi ọ́ ṣe. Ẹ̀sín tún burú ju yẹ̀yẹ́ lọ, nítorí ẹ̀sín a máa tẹ̀ lé èèyàn délé.

Ọmọ Bàbá rí ọkọ. Igando ni àwọn òbí ọkọ ń gbé, wọ́n sì wà lára àwọn tó máa ń wo aláṣọ funfun bí ẹni tí kò tíì mọ Ọlọ́run. Bàbá mọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Wọ́n kun pálọ̀ wọn, wọ́n ra àga tuntun, wọ́n ní kí n wá ṣe ìyàwó ilé lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ìyàwó ilé ní àṣẹ láti fi àna ṣeré lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún kí wa, n ò gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, orí mi wú. Ẹ̀rín máa ń dùn mọ́ mi jù, àléébù mi nìyẹn. Ni mo bá nàka sí Bàbá, mo ní, "Ẹ má gbàgbé bàtà nínú ẹrù ìyàwó o, torí bàbá ìyàwó tí ẹ ń wò yìí, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn kiri Ìdímù."

Àna ni àṣẹ yẹn wà fún. Kò sẹ́ni tó ní kí n fi bàbá ilé wa ṣeré lójú àlejò.

Gbogbo àna rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá ọkọ ló sì pẹ́ jù. Mo wo Bàbá, mo ń retí èsì. Wọ́n rọra fa ẹsẹ̀ wọn sábẹ́ àga, bẹ́ẹ̀ bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àwọn àna padà wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n gbé iṣu àti epo wá, ìyá ọkọ sì fa páálí kan yọ. Bàtà dúdú ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó ilé yín ló ní ká rà á wá." Ẹ̀rín tún gba gbogbo ilé. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n dúpẹ́. Ọmọ wọn dìde, ó wọ yàrá lọ.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi fọ́ sára ẹlòmíràn. Ojú tì mí, n ò lè jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù tí Bàbá ń tú, mo ní eré ni mo ń ṣe.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Àwọn ni kò mọ̀."

Wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ọmọ náà ti wà nílé ọkọ báyìí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo pàdé Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ni wọ́n wọ̀, bàtà dúdú náà sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ká sùtánà sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n há a mọ́ abíyá bí ẹrù olè. Ọmọ wọn ti sọ fún mi pé ó di inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Bàbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè kọjá. Wọ́n tẹrí ba díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."