Bọ́ọ̀lù Tí Ondrej Jù Tí Wọn Ò Kà

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá pe Ondrej Hrinko, ẹ̀gbọ́n mi, ní agbàgbé lójú mi, inú mi á ru ṣùṣù. Devlin, ọ̀gá wọn nígbà náà, ti kú, kò lè lé ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ọkọ mi náà ti kú. Mo lè sọ̀rọ̀ wàyí.

Ní Lorton Hill, ìlú tiwa, inú kòtò èédú ni ọmọkùnrin ń lọ bó bá ti gòkè àgbà díẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá wa kú sí. Òkè ya lù ú, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Ondrej wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó jáde, ó búra lójú ìyá wa pé òun ò tún ní wọ ilẹ̀ mọ́ láàyè. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló yọ ọ́. Eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún ni nígbà yẹn, Devlin tó ni ilé ọtí àti gbọ̀ngàn ijó ló sì kó ẹgbẹ́ tiwa jọ. Bí eré bá ti parí, ijó á bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń tẹ dùùrù.

Inú àgò wáyà ni wọ́n ti ń gbá a. Wáyà yí wọn ká látilẹ̀ dókè, kí bọ́ọ̀lù má baà jáde, kí àwa òǹwòran má sì baà wọlé lọ lu èèyàn. Ìyẹn ò ní ká má ṣe tiwa o! Àǹtí wa, Teta Borka, a máa yọ abẹ́rẹ́ gígùn tó fi ń de àkẹtẹ̀ mọ́rí, á tì í bọ ojú wáyà, á gún alátakò nídìí.

"Má bínú, ọmọ mi," ni á wí, "ìwọ lo fìdí ti abẹ́rẹ́ mi."

Bí Ondrej bá délé, wáyà á ti ha á lára bí ẹni tó bá ológbò jà. Ìyá wa á fi ọ̀rá ra á, á gbé abọ́ halušky, oúnjẹ ìlú àwọn bàbá wa, síwájú rẹ̀, á sì máa dúpẹ́ pé ọ̀run àpáàdì tirẹ̀ ò sí lábẹ́ ilẹ̀.

Jíjù ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí alátakò bá ṣẹ èèyàn, rẹfirí á fọn fèrè, ẹnì kan á dúró lẹ́bàá ìlà, á ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láìsí ẹni tó gbọ́dọ̀ dí i lọ́wọ́. Láyé ìgbà yẹn, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń jù ú. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló yan ẹnì kan ṣoṣo tó ń jù fún gbogbo wọn, Ondrej sì ni tiwa. Ó ṣe é títí ó fi di bárakú fún gbogbo ìlú. Fèrè á dún, àwọn yòókù á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun á rọra rìn bọ̀, á gbá bọ́ọ̀lù mọ́kùn, á tẹ orúnkún, ó ti wọlé nìyẹn. Teta Borka á ti pàtẹ́wọ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí orúnkún ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, Devlin sọ ọ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bá wọn gbá a. Òun ló kọ́ Matúš ọkọ mi. Matúš ga, ó lè fò, àmọ́ bí ojú gbogbo èèyàn bá ti wà lára rẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn alákòóso eré yí òfin padà: ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ ni kó ju tirẹ̀. Bí ẹlòmíì bá bá a jù ú, wọn ò ní kà á, alátakò ni wọ́n sì máa gbé bọ́ọ̀lù fún.

"Má wo èèyàn," ni Ondrej máa ń sọ fún un. "Àwọ̀n ni kó o wò. Àwọ̀n ò lẹ́nu, kò lè bú ẹ."

Haverly la máa bá gbá àṣekágbá. Devlin pe ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn káńtà, ó ní, "Ondrej, wọ́n nà wá lọ́dún tó kọjá. Tí wọ́n bá tún nà wá, wábi gbà o." Ibo ló máa gbà ní Lorton Hill? Kòtò náà ni.

Ayò dọ́gba títí eré fi kù díẹ̀ kó parí. Ni ọkùnrin Haverly sìgbọnlẹ̀ kan bá fi gbogbo ara gbá Matúš mọ́ wáyà, gbogbo àgò mì tìtì. Fèrè dún. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tiwa àti ti Haverly. Ondrej rọra rìn bọ̀. Rẹfirí fúnra rẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Ó tẹ orúnkún, ó jù ú, ó wọlé wẹ́rẹ́. Gbọ̀ngàn bú sáriwo, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orin ijó polka.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Haverly bá figbe ta: "Rẹfirí! Ta ni wọ́n ṣẹ̀?"

Háà! Ọwọ́ mi kú sórí dùùrù. Gbogbo wa la ti rí i, kò sì sẹ́nì kan nínú wa tó rí i. Ojú rẹfirí pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, torí òun náà ti gbàgbé òfin tuntun. Ó ju apá méjèèjì pé kò sí ayò. Haverly gba bọ́ọ̀lù, wọ́n gbá a wọlé, eré parí. Ondrej ṣì dúró lẹ́bàá ìlà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni.

Devlin lé e lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ kòtò. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́, àwọn tó ń bá a mutí ló wá ń pè é láàárín títì: "Ondrej, ṣó o rántí wọ ṣòkòtò lónìí?" Mo fi ìgbálẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Matúš kọ̀, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Zuzka, mi ò gbàgbé."

"O ò gbàgbé kí ni?"

"Òfin yẹn. Mo mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n jù ú. Bí mo ṣe rí i tó ń bọ̀, mo yà fún un. Ẹ̀rù ló bà mí."

Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Ẹni tí mò ń bá sùn! Mo fa apá aṣọ rẹ̀, ó di ilé Ondrej. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó jókòó ti ọpọ́n ìwẹ̀, ẹyinjú nìkan ló funfun lára rẹ̀. Matúš ṣí fìlà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ondrej bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. "Ta lo ti sọ fún?"

"Zuzka nìkan, Bọ̀ọ̀dá."

"Kó mọ síbẹ̀."

Mo ní, "Kó mọ síbẹ̀ kẹ̀? Bọ̀ọ̀dá, gbogbo ìlú ló ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́! Ẹ jẹ́ kó lọ sọ fún Devlin!"

"Rọra, má pariwo. Àgbà tó gbàgbé, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, ó tán. Ọ̀dọ́ tó ṣojo, Devlin á lé e lọ́la. Ibo ló máa gbà?" Ó fi ìka dúdú yẹn tọ́ka sílẹ̀. "Èmi ti wà níbẹ̀ ná. Ẹnì kan tó nínú ìdílé yìí."

 Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì ní kí Matúš bá òun bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i.