Ilé Oúnjẹ Ṣáínà Tí Bàbá Mi Ní Kí N Wá

Ọjọ́ tí bàbá mi sọ pé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ló ń wu àwọn, inú mi dùn, àyà mi sì já. Inú mi dùn torí pé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọn ò béèrè oúnjẹ kankan rí. Àyà mi já torí pé Ilé-Ifẹ̀ la wà. Níbo ni mo ti fẹ́ rí oúnjẹ Ṣáínà gidi?

Dókítà ti kìlọ̀ fún wa. Bí wọn ò bá jẹun dáadáa, ó ní òun á dá wọn padà sí ọsibítù, òun á sì ki rọ́bà bọ imú wọn, ibẹ̀ ni oúnjẹ á máa gbà wọlé. Màmá mi ti gún iyán, wọ́n ti se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja, ó ti sú wọn. Bàbá mi á wo oúnjẹ, wọ́n á wo àwa, wọ́n á ní àwọn ti yó. Bí màmá mi bá fẹ́ fi ṣíbí bọ́ wọn, wọ́n á pa ẹnu dé. "Èmi kì í ṣe ọmọ ọwọ́." Ẹni tí ò jẹun láti àárọ̀, kí ló jẹ tó fi yó? Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Kí n tó gbọ́njú ni bàbá mi ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣáínà fún ọdún kan. Mo wá ilé oúnjẹ Ṣáínà bí ẹni ń wá owó. Èyí tí mo mọ̀ ní àdúgbò Mayfair ti di ṣọ́ọ̀bù fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe òmíràn fún mi lẹ́yìn ìlú, láàárín àwọn ilé tuntun tó wà lójú ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n. Nínú takisí, bàbá mi fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú lórí itan bí ẹrù ẹlẹ́rù.

Fìtílà pupa oníbébà wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ará Ṣáínà kankan nínú ilé. Alásè fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé Èkó lòun ti kọ́ṣẹ́. Ó gbé ìrẹsì oníkọ́rì wá, irú èyí tí wọ́n ń pín níbi ìsìnkú. Bàbá mi mi orí. Mo ti ń rí rọ́bà yẹn nínú imú wọn.

"Ṣé ẹ ní ọbẹ̀ olómi, tí nudulu wà nínú ẹ̀?" Ẹnu wọn ṣì wúwo, àfi kéèyàn fara balẹ̀ gbọ́ wọn. "Inú abọ́ kékeré ni kẹ́ ẹ bù ú sí o."

Ó se é. Nudulu inú ọ̀rá lásán ni, ata rodo sì léfòó lójú ẹ̀. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n nígbà tí mo rí i tí wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé abọ́ náà kan ẹnu. Wọ́n mu ún, wọ́n mí, wọ́n tún mu ún, títí ó fi tán.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń sè é ní Ṣáínà nìyẹn?" mo bi wọ́n.

"Rárá o. Kò jọ ọ́ rárá." Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gbé abọ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn wí."

Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Ojú ló ti ń ti bàbá mi láti fi ọwọ́ òsì jẹun lójú wa, pàápàá lójú tèmi. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Ní kékeré, bí mo bá ti ki ọwọ́ òsì bọ oúnjẹ, ṣíbí onígi ni bàbá mi máa fi gbá a. "Ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́!" Títí di òní, ọ̀tún ni mo fi ń jẹun níwájú wọn. Bí mo bá dé ilé tèmi, òsì ni.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, màmá mi gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ kalẹ̀. Mo fọ ọwọ́ òsì mi, mo jókòó kọjú sí bàbá mi, mo bu òkèlè, mo fi run ọbẹ̀, mo gbé e mì. Màmá mi la ẹnu sílẹ̀. Bàbá mi tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. Pẹ̀lú bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mò ń retí ṣíbí onígi.

Bàbá mi na ọwọ́ òsì tiwọn sínú abọ́ omi.

"Tún un ṣe," wọ́n ní, "rọra ṣe é. Jẹ́ kí n rí bó o ṣe ń ṣe é."