Kókó tí Mo Tú Létí Aṣọ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í jowú. Aránṣọ ni mí ní Aramọkọ. Mo fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń tún aṣọ àlòkù ṣe, owú tí mo sì jẹ níbẹ̀, ìyàálé tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ mẹ́ta lé kò jẹ ẹ́ rí.

Màmá Tíṣà ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì níṣẹ́ olùkọ́, ó padà wálé, ó bá yàrá méjì tó ṣófo níwájú ilé bàbá rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá ní aṣọ tí kò wọ̀ mọ́ gbé e wá, kí àwa aránṣọ náà yé máa dáná sun ìrépé. Èyí tó bá ṣì dára, a ó fọ̀ ọ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó tà á ní pọ́ọ́kú. Èyí tó bá ti gbó, a ó gé e, a ó fi rán báàgì ọmọ iléèwé. Ohun tí a bá rí níbẹ̀, aṣọ iléèwé la fi ń rà fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá síbẹ̀. Orí ara mi ni mo fi rù ú nínú oòrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí Màmá Tíṣà kì í fi ṣeré. Àwọn èèyàn máa ń kó aṣọ òkú wọn wá fún wa. Bí wọ́n bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, màmá á bi wọ́n pé, "Èwo lẹ máa padà wá mú?" Ó mọ̀ pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè kó gbogbo rẹ̀ dànù lónìí, kó máa wá a kiri lọ́la. Èyí tí wọ́n bá nawọ́ sí, a ó ta kókó sí etí rẹ̀. Aṣọ tó bá ti ní kókó, a kì í tà á, a kì í gé e. Àwa méjì péré ló sì lè tú kókó: Màmá Tíṣà àti èmi.

Ìgbà tí ara mi balẹ̀ tán ni obìnrin yìí dé. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, ọkọ rẹ̀ ń fi mọ́tò kó èrò láàárín Aramọkọ àti Ìjerò. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní Àǹtí, mo ní káàbọ̀. Bí mo bá mọ̀, ǹ bá ní kí ó máa lọ.

Háà, ọwọ́ obìnrin yẹn! Ìrépé tí èmi fẹ́ gbá dànù, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á sún pupa síwájú, á fa dúdú sẹ́yìn. Tí oòrùn bá fi máa dé àtàrí, ó ti di aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tí ìyàwó gómìnà lè tẹ́. Àwọn obìnrin á wá láti Ẹ̀fọ̀n, wọ́n á ní, "Ta ló rán èyí?" Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó rán síìpù. Ogún ọdún ni mo ti ń rán síìpù, kò wọ́ rí! Ulé ni àwa ń pe ilé níbí, ilé lòun ń pè é. Kò tó oṣù mẹ́ta tí àwọn obìnrin wa náà fi ń pe ilé bí wọ́n bá ti ń bá a sọ̀rọ̀. Inú mi ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, eyín mi ń dùn mí.

Lásìkò yẹn náà ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Màmá Tíṣà lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun n'Íbàdàn. Ó pe gbogbo wa jọ, ó ní, "Mò ń wo ẹni tí n ó fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́." Ibo ni màmá kọjú sí bó ṣe ń sọ ọ́? Ara ògiri, níbi tí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì obìnrin yẹn wà. Mo ní nínú ara mi pé, ó ti tán. Ọdún mẹ́fà mi ti wọgbó.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, bàbá arúgbó kan kó aṣọ ìyàwó rẹ̀ tó kú wá láti Erio. Nígbà tí màmá bi í léèrè, ó fa ìró òfì aláró kan yọ. Ó ní ìró yìí ni ìyàwó òun fi pọn gbogbo ọmọ wọn, àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin sì ti lóyún báyìí, ọmọ náà ní kí wọ́n bá òun tọ́jú aṣọ tí ìyá òun fi pọn òun. Èmi ni mo ta kókó sí i. Mo ta á le, bàbá ń wò mí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú gbogbo wọn. Mo mú ìró náà, mo fi eyín tú kókó nítorí ó le, mo sì gbé e lé orí òkìtì èyí tí a fẹ́ gé. Mo fẹ́ kí màmá rí i pé àlejò lójú, kò fi ríran. Pé ẹni tí kò mọ òfin wa kò lè gba kọ́kọ́rọ́ wa. Bàbá yẹn kò sí lọ́kàn mi rárá. Nígbà tí obìnrin náà dé, mo ní mò ń lọ ra bọ́tìnnì.

Nígbà tí mo padà dé, ó ti gé e, ó ti tò ó sílẹ̀ mọ́ àwọn ìrépé yòókù. Inú mi dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí mo fi bọ́ bàtà.

Kò pẹ́ tí bàbá padà wá. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti bímọ, obìnrin ló bí. Màmá ní kí n gbé aṣọ wá, mo ní mi ò rí i. Obìnrin yẹn wo bàbá, ó wo báàgì tó ń fi òfì náà rán níwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni mo gé e, Màmá. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí." Kò fi nǹkan kan kún un.

Màmá yíjú sí mi. "Ṣé o ta kókó sí i?"

"Mo ta á, Màmá. Ojú bàbá náà ló ṣe."

Òótọ́ ni. Irọ́ tí mo ti pa láyé mi, kò sí èyí tó burú tó òótọ́ yẹn. Bàbá kò pariwo. Ó ṣa ìrépé òfì kan nílẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ lé itan rẹ̀, ó ká a sápò. Ó ní, "Èyí náà á nu ẹnu ọmọ."

Màmá ní kí obìnrin náà lọ sinmi nílé ná. Bó ṣe ń kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, mo rí ojú kókó náà o. Etí aṣọ ṣì ká jọ níbẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ tú u, a jẹ́ pé ó ti ṣe é gé nìyẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún Màmá?"

"Kí n sọ pé kí ni? Pé àgbà gbàgbé?"

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó gbà lóòótọ́ pé mo gbàgbé ni, àbí ó ń bò mí láṣìírí. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ó dára jù mí lọ. Ẹ ò rí i pé mo tún ń jowú ìyẹn náà?

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Màmá ti wà n'Íbàdàn. Obìnrin yẹn ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ lọ́jà Ìjerò. Lóṣù tó kọjá, mo wọ mọ́tò, mo ní lónìí ni n ó lọ jẹ́wọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti Aramọkọ. Mo débẹ̀, èrò kún ìsọ̀, gbogbo ẹnu ni wọ́n fi ń yìn ín. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó nu àpótí, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jókòó. Ẹ bá mi wo iṣẹ́ yìí."

Ìró tí wọ́n fẹ́ fi pọn ọmọ tuntun ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀. Mo gbà á, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Mo wá ohun tí n ó sọ, ẹnu mi sì sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

"Etí ẹ̀ wọ́."

Kò wọ́. Mo mọ̀ pé kò wọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí, ojú àgbà ni." Ó mú abẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.