Ìwé Tí Mo Ní Mo Ti Kà

Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi kòrókòró. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Èmi ni mo ń gba owó ọjà obì fún Kábíyèsí ìlú wa ní Rẹ́mọ fún ogún ọdún gbáko. Ta ló mọ iṣẹ́ náà bí èmi? Tí wọ́n bá ti sọ agbọ̀n gbànja kalẹ̀ láti Akaka, màá ṣa obì mẹ́wàá fún ààfin dípò owó, màá wá dá ẹyọ kan padà sínú agbọ̀n kí ọjà ẹni náà lè tà. Nítorí ẹyọ kan yẹn ni àwọn ìyá olóbì ṣe ń kúnlẹ̀ kí mi: "Bàbá Ọjà, ọwọ́ ire ni tiyín o!"

Ilé-iṣẹ́ kan wá láti Èkó. Wọ́n ní obì nìkan làwọn bá wá. Àmọ́ nígbà tí òrùlé ààfin ń jò, àwọn ló pààrọ̀ páànù. Bó ṣe di pé màníjà wọn, ọmọ àná tí ṣòkòtò fún mọ́ lẹ́sẹ̀, ń jókòó sórí àga mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba nìyẹn. Kábíyèsí ń pè é ní "ọmọ mi". Èmi ogún ọdún, "ìwọ yìí" ni. Títí dòní, tí mo bá rí ṣòkòtò yẹn, màá gba ọ̀nà míì.

Lọ́jọ́ kan, màníjà gbé ìwé wá. Awò ojú Kábíyèsí ti fọ́, Kábíyèsí bá na ìwé náà sí mi.

"Bá mi wò ó. Ṣé ó dáa?"

Màníjà rẹ́rìn-ín. "Ṣé Bàbá lè kà á ni? Ẹ jẹ́ n kà á fún yín."

Kí n gbà fún un níwájú ọba? Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò ní sùkúrù, síbẹ̀ mo fojú gbá ìwé náà látòkè délẹ̀, mo mirí.

"Mo ti kà á, Kábíyèsí. Ọ̀rọ̀ obì tí wọ́n ń rà náà ni."

Kábíyèsí lu òǹtẹ̀. Mo fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ màníjà ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì owó ọjà fún àwọn olóbì. Àṣé ẹ̀tọ́ àtimáa gba owó ọjà ni ìwé náà gbé fún wọn. Iye kan ni wọ́n á máa gbé fún ààfin lóṣooṣù. Gbogbo ìyókù di tiwọn. Tíṣà àdúgbò wa ní bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó kan ṣe gba ẹ̀tọ́ àtimáa gba owó-orí àwọn ará ìlú lọ́wọ́ ọba ńlá ilẹ̀ Íńdíà láyé àtijọ́. Mo bi í pé ta ló bá ọba tiwọn ka ìwé.

Ọ̀rọ̀ ti jáde láàfin pé irọ́ ni mo pa, n kò lè ka ìwé náà. Ìyá olóbì kan na tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí mi: "Bàbá Ọjà, ẹ bá wa kà á, ẹ̀yin lẹ ṣáà mọ̀wé." Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Kò kúnlẹ̀.

Ohun tó lọ nìyí: àga kan. Obì mẹ́wàá lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan tí mo ń dá padà, tí ẹnikẹ́ni ò dá padà mọ́.