Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Tẹ̀lé Mi

Bí mo bá ti rántí ìgbà náà, omi tútù ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn, èyí tí àwọn tí n kò mọ̀ rí dà lé mi lórí nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nǹkan kan kò ṣe mí tẹ́lẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìgbògbò, àyà mi ṣàdédé ń lù kìkì, èémí mi kò délẹ̀ mọ́. Mo ní ikú dé. Gbogbo èrò ń kígbe, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì!" Wọ́n yẹ ọkàn mi wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní ó le koko, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. N kò dá jáde mọ́. Ọkọ mi ló ń sìn mí lọ sọ́jà, òun náà ló ń sìn mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé àkọ́bí mi tó wà nílé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́ ti lóyún. Ta ni yóò lọ wẹ ọmọ? Ṣé èmi tí n kò lè dé Ìtòìkín? Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ra kànrìnkàn sílẹ̀. Èèyàn dáadáa ni o, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí kànrìnkàn yẹn rárá.

Dókítà obìnrin kan tí kò ju ọmọ mi lọ ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn náà ní Ìkòròdú. Ó ní àìsàn ìpayà ni, pé ìtọ́jú kan wà tí kò ní oògùn nínú, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́ fún irú wa. Mo gbà. Àṣé yóò ní kí n máa sáré gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn títí àyà mi yóò fi lù bíi tọjọ́ yẹn, kí n wá jókòó, kí n má mu omi, kí n má di nǹkan kan mú, kí n kàn máa wò ó. Ohun tí mò ń sá fún ló ní kí n lọ pè wá! Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó lóòótọ́, ìpayà náà gòkè, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo tún gun àtẹ̀gùn náà, kí n lè rí i dáadáa.

Ó wá ní kí n dá wọ kẹ̀kẹ́ láti ilé wá bá òun. Mo ṣe é, n kò tilẹ̀ làágùn.

"Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wá, Mọ́mì?"

"Èmi nìkan ni, Dókítà."

"Dádì ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń tẹ̀lé mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. N kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Nílẹ̀ wa, ta ló ń jẹ́ kí aláìsàn dá rìn? Ó bi mí pé bí Dádì kò bá sí lẹ́yìn ńkọ́. Mo ní màá kú.

"Tí ikú bá dé lóòótọ́, ṣé Dádì tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn lè dá a dúró?"

Láti ọjọ́ náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú ìwádìí òun mú ẹni tó ń sìn ín wá, kí òun lè bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè wá láti Ẹ̀pẹ́ pé ọmọ ti dé. Ọkọ mi ti wọ bàtà. Mo ní, "Ẹ jókòó, Bàbá." Ó wò mí, ó jókòó, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe kọjá Ìtòìkín, àìsàn náà dé. Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ẹ̀rù ba èmi ṣá. Ẹni tó jókòó tì mí ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ṣé ká dá ọkọ̀ dúró?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ, mo fẹ́ wò ó ná. Ó gòkè, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì rọlẹ̀ kí a tó wọ Ẹ̀pẹ́.

Ìyá ọkọ ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló fi kànrìnkàn lé mi lọ́wọ́. Mo gbé ọmọ sórí itan, mo fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Ó ń lù kìkìkì, ó yára ju tèmi lọ nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ọmú lásán ló ń wá.

Ọmọ náà ti ń sáré kiri ilé báyìí. Àìsàn náà ṣì máa ń yà kí mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń wò ó títí yóò fi lọ. Ọkọ mi ṣì máa ń wọ bàtà bí mo bá ní mo fẹ́ jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, mo máa ń ní kó jókòó. Ìgbà mìíràn, ó kàn máa ń wù mí kó bá mi lọ ni, a ó sì jọ wọ kẹ̀kẹ́ kan náà.