Rọ́bà Mẹ́rin fún Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ Akínkúnlé kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, òun nìkan ló mọ̀. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wọn nǹkan fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nínú láàbù yunifásítì kò lè rí ohun tó wọ́ kó má mú rúlà. Láràárọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Pàràkín ní Ifẹ̀, tí yóò wọn àlàfo tó wà láàrin táyà ẹ̀yìn àti irin tó bò ó lórí. Kò sí ẹni tí yóò sọ ohun tó bá rí fún. Ó di ọdún mẹ́rin tí Ìkẹ́olúwa ìyàwó rẹ̀ ti kú, Fúnlọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sì wà ní Àbújá pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Nítorí náà, ọkọ̀ yẹn gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀. Á ní, "O tún ti sọ̀kalẹ̀ o." Ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tí kò rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, ohun tó bá wà nítòsí ni yóò bá sọ ọ́.

Ọdún Kérésì ni ọ̀rọ̀ náà tú síta. Fúnlọ́lá àti ará ilé rẹ̀ wá sí Ifẹ̀, bàbá sì kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀, ó ní kí àwọn lọ kí Ìyá Ìrẹ̀mọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní agboolé wọn ní Ìrẹ̀mọ. Wọn ò tíì dé Lágéré tí ẹ̀yìn ọkọ̀ fi jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí bọ́ǹpù ojú títì, tí sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde sì já sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ Fúnlọ́lá ń gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò funfun. Fúnlọ́lá ló dá takisí dúró, kó tó wọ inú rẹ̀, ó ní:

"Daddy, ẹ má bínú o. A ò lè kó àwọn ọmọ sínú mọ́tò yìí mọ́."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìbá sàn kó pariwo mọ́ bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bí Akínkúnlé bá ti wọ ọkọ̀, gbólóhùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, ó sì ń dùn ún lọ́jọ́ kejì bó ṣe dùn ún lọ́jọ́ kìíní.

Nígbà tí Fúnlọ́lá wá fóònù pé àwọn ń bọ̀ ní ọdún Àjíǹde, pé àwọn yóò yà kí Ìyá Ìrẹ̀mọ kí àwọn tó kọjá sí Èkó, bàbá mọ ohun tí òun fẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ òun láti Pàràkín dé Ìrẹ̀mọ, kí òun gba Ẹnuwá níwájú ààfin kọjá, kí òun máa fi ọwọ́ tọ́ka sí nǹkan fún wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di ọ̀dọ̀ Abdulwaheed mẹ́káníìkì.

"Prof, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ni Abdulwaheed wí. Gbogbo ẹni tó bá ti gbowó oṣù ní yunifásítì rí, ìbáà ṣe ẹni tó ń gbálẹ̀, Prof ni lójú tirẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ búùtù mọ́lẹ̀, ó yọwọ́, ó wo bó ṣe dìde. "Ṣọ́ọ̀kì yín ṣì dáa. Sípíríǹgì ló ti rẹ̀."

"Ṣé kí n ra tòkunbọ̀?"

"Ẹni tó yọ ọ́ lára mọ́tò tiẹ̀ ló mọ ìdí tó fi yọ ọ́, Prof. Tuntun ńkọ́? Owó ìfẹ̀yìntì yín ò lè gbé e. Ẹ jẹ́ ká fi rọ́bà sí i."

Ó mú rọ́bà dúdú mẹ́rin jáde láti inú ọ̀rá, ó nípọn, ó rí rogodo bí òrùka ńlá tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè títí sípíríǹgì fi nà, ó fi omi ọṣẹ pa rọ́bà lára, ó sì tì wọ́n há àárín irin tó lọ́ po náà, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Nígbà tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ìdí rẹ̀ ga ju iwájú lọ, bí adìyẹ tó ń ṣa ọkà. Akínkúnlé yọ rúlà.

"Ó ga jù, Abdulwaheed."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí kò bá sí èèyàn nínú ẹ̀. Táwọn èèyàn bá ti jókòó, á dọ́gba. Àwọn ta ló máa ń jókòó sẹ́yìn yín?"

Bàbá ń nu rúlà tí kò dọ̀tí. "Àwọn ọmọ ọmọ mi," ló wí nígbà tó yá.

Abdulwaheed ní àwọn gbọ́dọ̀ dán an wò. Ó ké sí Dorcas tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó pe wẹ́dà kan tó ń jó irin àti fọkanáísà tó ń lẹ táyà lódìkejì títì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ara wọn sẹ́yìn, ọkọ̀ sì rọra sọ̀kalẹ̀, ó dọ́gba rẹ́gí. Akínkúnlé wà á jáde. Nínú dígí, ó rí orí mẹ́ta. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń jiyàn bọ́ọ̀lù, Dorcas ń ṣépè fún onílé rẹ̀. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ mi. Ọjọ́ yẹn ni bàbá mọ bí òtútù ti ń mú òun tó. Ó dé oríta tó yẹ kó ti yí padà, kò yí i. Ó dé ìkejì, kò yí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀wà mi wà lórí iná o," ni Dorcas wí.

Ó bẹ̀ ẹ́, ó sì yí ọkọ̀ padà.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ọdún Àjíǹde, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì funfun kan tí wọ́n háyà dúró lẹ́nu géètì. Akínkúnlé ti fọ ọkọ̀ tirẹ̀, ó ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Fúnlọ́lá nìkan ló sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀.

"Mo ti tún ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe," ni bàbá wí. "Kò lè jókòó mọ́. Kó àwọn ọmọ wá."

"Ẹ ṣé, Daddy," ni Fúnlọ́lá wí, bí ìgbà tí bàbá bá sọ fún un pé òun ti lo oògùn òun. "Wọ́n ti sùn nínú AC. Ẹ jẹ́ ká má jí wọn. Ẹ máa lọ níwájú, a ó máa tẹ̀ lé yín."

Bàbá ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan, ó ti èkejì, ó sì bọ́ sídìí ọkọ̀.

Ọkọ̀ tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ le koko lórí rọ́bà. Gbogbo kòtò ló ń gbé bàbá sọ sókè. Ó ṣì gba Ẹnuwá bó ṣe pinnu. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ààfin, ó ti ya ẹnu láti sọ pé ẹ wò ó, ó sì pa á dé. Imú bọ́ọ̀sì nìkan ló wà nínú dígí.

Fóònù dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta.

"Daddy, dírẹ́bà wa ní ẹ̀yìn mọ́tò yín ga sókè gan-an. Ó ní bóyá nǹkan ṣe é."

"Kò sí nǹkan tó ṣe é," ni Akínkúnlé wí. "Èèyàn ni kò sí nínú ẹ̀."

Bàbá ń gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù bọ́ọ̀sì, ó ń gbọ́ ọmọ kan tó ń hanrun.

"Okay, Daddy," ni Fúnlọ́lá wí níkẹyìn. "Ẹ má sáré jù o, ká má baà sọ yín nù."

Bàbá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí irin tó ń mú ọkọ̀ sáré, ó sì rọra ń wà á lọ.